Ìwé tí ó Sọnù Lẹ́ẹ̀mejì

Ní ayé ìgbà tí a wà yìí, ohun tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kó gbogbo iṣẹ́ wọn sí. Fíláàṣì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá lọ sí Òṣogbo tàbí Iléṣà láti gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà a máa kó ohùn wọn, oríkì àwọn ìdílé, àti àwòrán ààfin àti ojúbọ sínú rẹ̀, a sì jù ú sí àpò bí ẹni ju kọ́bọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí fíláàṣì náà bá ṣẹ́ ní ọrùn, tàbí tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò dá a mọ̀ mọ́, ọjọ́ náà ni ẹni yìí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ odidi ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni òun ń gbé kiri nínú àpò.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ a máa sọ fún un pé kí ó má tíì sọ̀rètí nù. Nígbà tí a bá pa fáìlì kan rẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń parẹ́ bí kò ṣe orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ tí ń tọ́ka sí ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Bí a kò bá tíì kọ ohun mìíràn lé e lórí, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, bí ilé tí a yọ nọ́ńbà ara ògiri rẹ̀ kúrò. Bí ó bá sì jẹ́ pé irin ẹnu fíláàṣì ni ó ṣẹ́, a lè fi òjé jó o padà, tàbí kí a yọ ègé dúdú tí ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ nínú rẹ̀, kí a sì kà á láti ibòmíràn. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ wọn ni pé kí a má ṣe kọ ohunkóhun sí i mọ́. Èkejì ni pé kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé lára ẹ̀dà náà ni a ó ti ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tí ó ń jáde kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun tí a kó sí i. Nígbà mìíràn orúkọ fáìlì a ti lọ. Nígbà mìíràn ìdajì rẹ̀ ni a ó rí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdajì ọ̀kan a lẹ̀ mọ́ ìdajì òmíràn, ẹni tí kò rí wọn tẹ́lẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ohun méjì ni a so pọ̀.

Irú ọ̀ràn báyìí ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa kí ẹnikẹ́ni tó lálàá fíláàṣì. Ó ṣẹlẹ̀ sí The History of the Yorubas, ìwé Àlùfáà Samuel Johnson, tí kò sí ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn Yorùbá tí kì í fọwọ́ kàn án. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ọdún 1921 ni a tẹ ìwé náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ìwé tí Johnson fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ parí sọnù, pé a kò rí i mọ́, àti pé èyí tí a ń kà ni àbúrò rẹ̀ tún kọ láti inú ìwé jákujàku tí olóògbé fi sílẹ̀. Ọ̀ràn náà kan àwọn ará Òṣogbo àti àwọn Ìjẹ̀ṣà ju bí a ti máa ń rò lọ, nítorí pé láti inú ìwé yìí ni ayé ti kọ́kọ́ ka ìtàn wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kíkún.

A bí Samuel Johnson ní ọjọ́ 24 oṣù Òkúdù, ọdún 1846, ní ìlú Hastings ní ilẹ̀ Sàró. Bàbá rẹ̀, Henry Erúgúnjìnmí Johnson, wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó lẹ́rú tí a sì dá sílẹ̀ sí Sàró. Ìdílé náà a sì máa ka ara wọn mọ́ ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ní ọdún 1857 ni bàbá yìí kó àwọn ará ilé rẹ̀ wá sí Ìbàdàn láti ran David Hinderer, òyìnbó oníwàásù C.M.S., lọ́wọ́. Nítorí náà, Ìbàdàn ni ojú Samuel ti là sí ọ̀rọ̀ ogun. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Abẹ́òkúta, ó padà wá ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, a fi í jẹ díákónì ní 1880, ní 1881 a sì rán an lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti ṣe àlùfáà títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ohun tí ó dùn ún tí ó fi kọ̀wé ni pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ baba wọn. Àwọn àgbà tí ó sì mọ̀ ọ́n ń kú lọ. Ó ju ogún ọdún lọ tí ó fi ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ. Ó lọ bá àwọn arọ́kin ní Ọ̀yọ́. Ó gbọ́ tẹnu David Kúkọmí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, àti ti Josiah Oni, oníṣòwò tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ogun àtijọ́. Ó sì dárúkọ Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, gẹ́gẹ́ bí òpìtàn tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ tí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹdẹ àti Òṣogbo kò jìnnà síra. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀nà tí ìtàn agbègbè Ọ̀ṣun gbà wọ inú ìwé Johnson, kí ó má fojú fo orúkọ Tìmì yìí.

Ṣùgbọ́n gbígbọ́ nìkan kọ́ ni Johnson gbọ́. Òun pàápàá wà nínú ohun tí ó kọ. Ìbàdàn ti fọ́ Iléṣà ní 1870. Nígbà tí yóò fi di 1878, àwọn Ìjẹ̀ṣà, àwọn Èkìtì àti àwọn mìíràn tí ọrùn ń ro lábẹ́ àjàgà Ìbàdàn ti para pọ̀, wọ́n sì di Èkìtìparapọ̀. Ogun tí ó tẹ̀ lé e ni a ń pè ní Kírìjí nítorí ìró ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn níbẹ̀. Ìbàdàn tẹ̀ dó ní ìhà Igbájọ, Èkìtìparapọ̀ tẹ̀ dó ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì ni olórí ogun wọn. Ọdún ń gorí ọdún, wọn kò lè ṣẹ́gun, wọn kò sì lè padà sílé. Látóòsà, Ààrẹ Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885. Ní 1886 ni Gómìnà Moloney ti Èkó rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips ti Oǹdó, láti bá wọn parí ìjà.

Àwọn méjèèjì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìwé àdéhùn tí ó jáde nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Òkúdù 1886 dá àwọn Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ láti máa ṣe ìjọba ara wọn. Ó fi Ọ̀tan, Ìrèsì, Adà àti Igbájọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó gba àwọn ará ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láyè pé ẹni tí kò bá fẹ́ jókòó lè kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún náà ni àwọn aṣojú Gómìnà, Higgins àti Smith, kéde àlàáfíà láàárín ibùdó méjèèjì. Ogun kò tán pátápátá títí di 1893, nítorí Ìlọrin kò tíì fi Ìbàdàn lọ́rùn sílẹ̀ ní Òfà àti Ìkìrun; ṣùgbọ́n ti ojú Kírìjí tán.

Johnson parí ìwé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897. Ọwọ́ ni ó fi kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tí ó bá sì wo bí ìwé tí a tẹ̀ ti nípọn tó, tí ojú-ewé rẹ̀ lé ní 600, yóò mọ irú làálàá tí yóò jẹ́ láti tún gbogbo rẹ̀ dà kọ lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ̀dà kan lè wà nílé. Ní 1899 a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé olókìkí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ oníwàásù kan. A kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò òǹkọ̀wé, dé ìlú òyìnbó ní 1900, ó lọ bá òǹtẹ̀wé náà. Èsì tí wọ́n fún un ni pé a ti gbé ìwé náà sí ibi tí a kò mọ̀, a wá a títí a kò rí i, ṣùgbọ́n a ṣe tán láti san owó rẹ̀. Bí ẹni pé ewúrẹ́ ni wọ́n tẹ̀ pa lójú títì! Ó ya Dókítà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n sì fura pé ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ nínú, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Òǹtẹ̀wé náà kò dá ìwé padà, a kò sì tẹ orúkọ rẹ̀ sí ibikíbi nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Obadiah kọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní oṣù Igbe 1901, Samuel Johnson kú.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni ìwé jákujàku: ohun tí ó kọ sílẹ̀ nígbà tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, àti àkọkọ́kọ tí kò tíì tún ṣe. Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìwé. Iṣẹ́ oníṣègùn ni Obadiah ń ṣe. A bí i ní 1849, ó gba oyè rẹ̀ ní Edinburgh, ó wà lára àwọn ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó di dókítà, ó sì tún ń jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bí iṣẹ́ náà ti tóbi tó bà òun lẹ́rù, pé ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí òun tó lè bẹ̀rẹ̀. A kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi fún èyí. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ìwé òkú rí, tí ó ń gbìyànjú láti mọ èyí tí ó kọ́kọ́ kọ àti èyí tí ó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, mọ̀ pé iṣẹ́ àṣelàágùn ni.

Ó parí rẹ̀ nígbà tí ogun ńlá ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1916 ó fi ìwé náà ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Appam ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster. Appam kúrò ní Dakar ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Gómìnà Sàró, Sir Edward Merewether, wà nínú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó ọjọ́ mẹ́rin, nítòsí erékùṣù Madeira, ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí ń jẹ́ Möwe mú un. Ní London wọ́n rò pé ó ti rì. Ọ̀gágun kékeré kan, Hans Berg, àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ ni àwọn ará Jámánì fi sínú rẹ̀, wọ́n sì wà á kọjá òkun lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé. Amẹ́ríkà kò tíì dá sí ogun náà nígbà yẹn. Nítorí náà ni ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí ó ni ọkọ̀, ó sì di oṣù Ẹrẹ́nà 1917 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà tó dá Appam padà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn Aláàfin, ti Ògèdèǹgbé, ti Ọdẹ́rìnlọ, gbogbo rẹ̀ ni ó bá ọkọ̀ náà sọnù. Ó di 1918 kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé, lẹ́yìn ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀. Nígbà náà bébà ti wọ́n, ó sì tún ti gbówó lórí. Wọ́n ní kí ó dúró. Obadiah Johnson kú ní 1920. Ìwé jáde ní 1921. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò rí i, ẹni tí ó tún un kọ kò rí i.

Kí ni à bá pàdánù bí Appam bá rì ní tòótọ́? Ìdáhùn kò rí bákan náà fún gbogbo ìlú. Ti Kírìjí, ẹ̀dà wà káàkiri. Àwọn lẹ́tà tí àwọn ọba àti àwọn olórí ogun fi ránṣẹ́ sí Èkó, àti èsì Gómìnà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀ wọ́n fún Ilé Aṣòfin ní London ní 1887. Ìwé tí Phillips kó pamọ́ wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba ní Ìbàdàn títí di òní. Ìròyìn tí Johnson fúnra rẹ̀ ń kọ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní C.M.S. wà nínú àkójọ ẹgbẹ́ náà, ní Yunifásítì Birmingham. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akíntóyè ti kọ ìtàn ogun àti ìṣèlú Yorùbá láti 1840 dé 1893, èyí tí ó jáde ní 1971. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ì bá ṣì mọ ohun tí a kọ sínú ìwé àdéhùn tí ó dá wọn sílẹ̀.

Ti Òṣogbo kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun Òṣogbo, tí a ń fi sí ọdún 1840 tàbí nítòsí rẹ̀, ṣẹlẹ̀ kí Hinderer tó dé Ìbàdàn. Kò sí òyìnbó kankan tí ó jókòó sí Òṣogbo tí ó ń kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Àwọn ará Ìlọrin, lábẹ́ Balógun Ali, ti ká ìlú náà mọ́. Òṣogbo ránṣẹ́ sí Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn. Balógun Ọdẹ́rìnlọ kó ogun wá, wọ́n sì kọ lu ibùdó Ìlọrin lóru, nígbà tí ẹṣin kò lè wúlò fún àwọn tí ó ni ín. Òru kan náà ni ó dá Ìlọrin dúró tí wọn kò lè gba ọ̀nà yẹn sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù mọ́. Ìtàn yìí, bí Johnson ti gbé e kalẹ̀, ẹnu àwọn àgbà ni ó ti wá, ibi kan ṣoṣo tí ó sì wà lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé jákujàku inú àpótí ní ilé Johnson. Nígbà tí Obadiah fi ń tún un kọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sọ ọ́ ti lọ. Ohun kan ni ó yẹ kí a fi kún un kí a má baà ṣàìṣòótọ́: Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó jọba gẹ́gẹ́ bí Olúbàdàn láti 1955 dé 1964, ti tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn, Ìwó, Ìkìrun àti Òṣogbo ní èdè Yorùbá ní 1911, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìwé Johnson. Nítorí náà Òṣogbo kò ní di òfo pátápátá. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn tí ń kọ ìtàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ṣí ìwé Akínyẹlé tó bí wọ́n ti ń ṣí ti Johnson.

Ti Ìjẹ̀ṣà ni ó wá le jù. Nínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1921, ibì kan wà tí ó sọ pé àwọn Ìjẹ̀ṣà ìpilẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ àwọn tí a rà fún ẹbọ, pé láti inú “ìjẹ òrìṣà” ni orúkọ wọn ti wá. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí yóò ka gbólóhùn yẹn tí inú rẹ̀ kò ní ru. Ìtàn tí àwọn fúnra wọn ń pa ni ti Ajíbógun Obòkun, ọmọ Odùduwà, tí ó lọ bu omi òkun wá wo ojú baba rẹ̀ sàn, tí baba sì fún un ní idà. Wọ́n sì tẹ ìwé ìtàn Ìjẹ̀ṣà-Obòkun ti ara wọn ní 1932. Ṣùgbọ́n ìbéèrè òpìtàn kì í ṣe bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn tàbí kò dùn. Ìbéèrè ni pé, ta ni ó kọ ọ́? Ṣé Samuel ni, lẹ́yìn tí ó ti gbé e wò tí ó sì gbà pé ó tọ́? Ṣé ohun tí ẹnì kan sọ fún un ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ ni, tí ó kàn kọ sílẹ̀ kí ó lè wádìí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, tí ó sì yọ kúrò nínú ìwé tí ó parí ní 1897? Àbí Obadiah ni ó rí i nínú ìwé jákujàku tí ó sì fi í sí i, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ohunkóhun má ṣòfò? Èyíkéyìí nínú mẹ́ta yìí lè jẹ́ òótọ́.

Àwọn kan lè sọ pé ẹnì kan ni àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà, wọ́n sì ti jọ ń ronú lórí iṣẹ́ náà nígbà tí Samuel wà láyé. Òtítọ́ ni pé Obadiah bá a ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti gbé ọdún púpọ̀ ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, tí ó ti fẹsẹ̀ rìn láti ibùdó dé ibùdó ní 1886, tí ó sì ti bá àwọn olórí Èkìtìparapọ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú, kò ní fi ìwọ̀n kan náà wọn ọ̀rọ̀ nípa Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú dókítà tí ó jókòó ní Èkó. Ohun tí ẹni tí ó parí iṣẹ́ fi ń yàtọ̀ sí ẹni tí ó ṣàkójọ rẹ̀ ni pé òun mọ èyí tí kò yẹ kí ó wọ inú ìwé. Ìwé jákujàku kì í sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíláàṣì tí a tún ṣe: a máa ń rí àkọkọ́kọ àti àtúnkọ nínú rẹ̀ lójú kan, kò sì sí àmì lára wọn.

Láti 1921 wá ni ọ̀ràn náà ti tún lọ́jú sí i, nítorí pé ìwé ti padà sí ẹnu. Àwọn onímọ̀ ti kíyè sí i ní ọ̀pọ̀ ìlú pé ohun tí a ń gbà lẹ́nu àgbà gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìbílẹ̀ lè jẹ́ ohun tí àgbà náà, tàbí ọmọ rẹ̀ tí ó lọ sí ilé-ìwé, kà nínú ìwé Johnson. Èyí ni ìkọ̀wé lé ìwé tí àwọn alátùn-únṣe fíláàṣì ń bẹ̀rù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí Iléṣà tàbí Òṣogbo ń sọ nípa ara rẹ̀ ṣáájú 1921 kò lè fi ìbéèrè nìkan mọ̀ ọ́n. Ó ní láti lọ wá a nínú oríkì, nínú ìwé Akínyẹlé, nínú lẹ́tà àwọn oníwàásù.

Ní ti ìwé tí a fi ránṣẹ́ ní 1899, a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni rí i títí di òní. Bí a bá ṣí àpótí kan lọ́jọ́ kan ní London tí a sì bá a níbẹ̀, ojú-ewé tí ó sọ̀rọ̀ nípa orúkọ Ìjẹ̀ṣà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá.